Íyápíìsì àti Etí Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ìyá wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ọmọ wà ní ìkáwọ́ yín, ilé tí ẹ kò ti ní bá ọ̀dọ́ kan tí ó ki ohun kékeré kan bọ etí méjèèjì kò pọ̀ mọ́ lóde òní. Àwọn ọmọ ń pè é ní íyápíìsì. Èyí tí ó tóbi, tí ó ń bo etí mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, ni wọ́n ń pè ní hẹ́dífóònù. Ẹ óò pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò ní dáhùn. Ní ìgbà kẹta ni yóò yọ ọ̀kan kúrò létí, tí yóò ní, "Ṣé ẹ̀ ń pè mí ni, Màmá?" Ọ̀pọ̀ òbí a máa ka èyí sí àìgbọràn lásán. Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù pé ohun náà yóò sọ ọmọ di adití, wọn a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé íyápíìsì ń ba etí jẹ́?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe íyápíìsì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ohun méjì ni ó ń fà á: bí ohùn inú rẹ̀ ti lọ sókè tó, àti bí ó ti pẹ́ tó létí ọmọ. Ẹni tí ó ń fi í gbọ́ ìròyìn tàbí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ní ohùn jẹ́jẹ́ kò ní ohun tí ó yẹ kí ó bà á lẹ́rù. Ẹni tí ó bá yí i dé òpin, tí ó sì fi í sétí láti ìgbà tí ó ti dé láti ilé-ìwé títí oorun yóò fi gbé e lọ, ń jẹ gbèsè tí etí rẹ̀ yóò san nígbà tí ó bá yá.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ETÍ

Apá etí tí à ń rí lóde, tí à ń fi yẹtí sí, kọ́ ni ó ń gbọ́ràn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó ohùn jọ sínú ihò etí. Ní ìparí ihò yìí ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó nà bí awọ ìlù. Bí ohùn bá ti kàn án, yóò máa gbọ̀n. Egungun kéékèèké mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì gbé gbígbọ̀n náà lọ sínú ohun kan tí ó ká bí ìkarawun ìgbín, tí omi wà nínú rẹ̀. Inú ìgbín yìí ni iṣẹ́ gbígbọ́ gan-an ti ń ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì tí ó ní irun tín-ín-tín lórí ni ó tò sínú rẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan. Bí omi náà bá mì, àwọn irun wọ̀nyí yóò tẹ̀, wọn yóò sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípasẹ̀ iṣan etí. Ọpọlọ ni yóò wá mọ̀ pé ohùn ìyá òun ni òun ń gbọ́, tàbí pé òjò ti ń bọ̀.

Ẹ wo koríko àgbàlá yín. Bí ènìyàn kan bá gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, yóò tẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, yóò ti nàró padà. Bí ẹsẹ̀ bá wá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, koríko náà yóò kú, ibẹ̀ yóò sì di ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ariwo ńlá ń ṣe sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀, òun ni ó sì burú jù: koríko lè tún hù bí a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú etí ènìyàn kì í hù mọ́. Iye tí a bí mọ́ wa ni a ó lò títí a ó fi darúgbó. Ó yani lẹ́nu pé adìyẹ tí ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá yín sàn jù wá lọ nínú ọ̀ràn yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1987 sí 1988 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i pé bí ariwo tàbí oògùn bá pa irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú etí ẹyẹ, òmíràn a máa hù rọ́pò rẹ̀. Ti ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ ỌMỌ KỌ́KỌ́ Ń PÀDÁNÙ

Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà ni ó ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ń gbọ́ ìró tín-ín-rín, irú èyí tí ó wà nínú igbe ẹyẹ, ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Àwọn tí ń gbọ́ ìró tí ó rinlẹ̀, bí ìró ìlù ńlá, a máa pẹ́ kí ó tó kàn wọ́n. Nítorí náà, ọmọ tí etí rẹ̀ ti ń bàjẹ́ kò ní sọ pé òun kò gbọ́ràn. Yóò gbọ́ pé ẹ pe òun. Yóò gbọ́ ìlù, yóò gbọ́ ìwo ọkọ̀, yóò sì máa jó sí orin bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nínú èdè Yorùbá tiwa, ọ̀ràn yìí ní ọ̀nà kan tí ó ń gbà fi ara pamọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí à ń fi pe ọ̀rọ̀ wà lára ìró tí ó rinlẹ̀, etí tí ó ti ń bàjẹ́ sì lè gbọ́ wọn kedere. Ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì bíi f, s, t àti k wà lára ìró tín-ín-rín. Ọmọ náà yóò gbọ́ bí ohùn yín ti ń lọ sókè tí ó ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán. Ẹ sọ fún un pé, "Lọ kà á," ó lè gbọ́, "Lọ tà á." Ẹ ní, "Ó fẹ́ ẹ," ó lè gbọ́, "Ó sẹ́ ẹ." Ohùn orí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bára mu, kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Nínú yàrá tí ó dákẹ́, níbi tí ó ti ń wo ẹnu yín, yóò mọ èyí tí ẹ sọ. Nínú kíláàsì tí ọmọ pọ̀ sí, tí olùkọ́ sì kọjú sí pátákó, yóò kàn máa méfò ni.

Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti ń di ìnira fún ìdílé. Ọmọ tí ń méfò a máa ṣi ìdáhùn, wọn a pè é ní olódo nílé-ìwé, wọn a sì pè é ní aláìgbọràn nílé. Òun pàápàá kò mọ ohun tí ó ń ṣe òun, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wá, láìsí ìrora, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ibà. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, ìyá rẹ̀ yóò rí i. Ta ni ó ń rí inú ìgbín etí?

BÍ A TI Ń WỌN ARIWO

Gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kílò wọn ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni a ní ìwọ̀n kan tí a fi ń wọn agbára ohùn, tí à ń pè ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bára wọn sọ nílé jẹ́ nǹkan bí 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè máa gbọ́ ohùn tí ó jẹ́ 80 fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún ọmọdé, 75 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n fún wákàtí 40 náà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé ìwọ̀n yìí kì í lọ bí kílò ṣe ń lọ. Bí ó bá fi 3 péré gòkè, agbára ohùn tí ń wọ etí ti di ìlọ́po méjì, àkókò tí etí lè fi gbà á sì ti dín kù sí ìdajì. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ohùn bá dé 90, wákàtí 4 péré ni ti àgbàlagbà láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 20 ni, fún odindi ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ni ohùn rẹ̀ sì lè kọjá 100 nínú íyápíìsì bí a bá yí i dé òpin. Orin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìpín ọ̀sẹ̀ kan ti tán.

Kí ló dé tí ọmọ fi ń yí i dé òpin? Kì í sábà jẹ́ oríkunkun. Ariwo tí ó yí i ká ni. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn fèrèsé, tí ẹ̀rọ ìlọta ń lọ nítòsí, tàbí tí ọmọ wà nínú dáńfó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké, íyápíìsì olówó pọ́ọ́kú kò lè dí ariwo wọ̀nyí mọ́ ìta. Ọmọ yóò gbé ohùn orin ga ju ariwo náà lọ kí ó tó lè gbádùn rẹ̀, etí kan ṣoṣo yóò sì ru ẹrù méjèèjì. Ní èrò tiwa, ìdí yìí ni ó yẹ kí òbí ní àwọn ìlú ńlá kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó bá ọmọ wí. Ìyá tí ó bá mú kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àwọn ọmọ ti bá wọn dín ohùn íyápíìsì kù láìfọwọ́ kàn án. (Èéfín jẹnẹrétọ̀ pàápàá tó ìdí láti gbé e jìnnà, ó ń pani lójú oorun.)

Àwọn ọmọ mìíràn a máa sùn pẹ̀lú íyápíìsì létí. Ohùn tí kò pọ̀ jù fún wákàtí kan lọ́sàn-án lè pọ̀ jù bí ó bá wà létí fún wákàtí méje tàbí mẹ́jọ lóru, tí ẹni tí ó ni etí kò sì mọ̀ mọ́ pé ohun kan ń dún.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Pé ariwo ń ba etí jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1886, dókítà kan ní ìlú Glasgow ní Scotland, Thomas Barr, yẹ etí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wò, àwọn tí ń kan àgbá irin ńláńlá tí a fi ń se omi fún ẹ̀rọ. Kò rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Ariwo ibi iṣẹ́ ni ti ìgbà náà. Ní ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Sony ní Japan gbé Walkman jáde, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí a ń fi hẹ́dífóònù gbọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi owó ra ariwo tí wọn yóò máa gbé kiri. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ ní àwọn ọdún 1990 rántí rẹ̀ dáadáa, bóyá òmíràn nínú yín tilẹ̀ jẹ ìbáwí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì Walkman a máa tán, ojú kásẹ́ẹ̀tì kan a máa parí, etí a sì rí ìsinmi díẹ̀. Orin inú fóònù òde òní kò lópin.

Ǹjẹ́ a ti rí i pé etí àwọn ọmọ ń bàjẹ́ sí i? Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ọdún 12 sí 19 fi hàn pé láàárín 1988 sí 1994, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbígbọ́ wọn ti dín kù, ó kéré tán díẹ̀. Ní 2005 sí 2006, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 20. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kígbe pé íyápíìsì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wò ó ní 2009 sí 2010, iye náà ti padà sí nǹkan bí 15. Ní ọdún 2018 ẹ̀wẹ̀, àwọn olùwádìí ní Rotterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, gbé àbájáde tiwọn jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 9 sí 11 tí iye wọn lé ní 3,000. Wọ́n rí i pé àìgbọ́ ìró tín-ín-rín dáadáa wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń lo ẹ̀rọ orin alágbèéká ju láàárín àwọn tí kì í lò ó lọ. Ìwádìí náà nìkan kò sì tó láti fi hàn pé ẹ̀rọ orin ni ó fà á.

A kò fi àìdọ́gba yìí pamọ́ fún yín, nítorí pé òbí tí a bá fi ìbẹ̀rù nìkan kọ́ kì í gbà wá gbọ́ ní ìgbà kejì. Iye ọmọ tí ó ti kàn ni àwọn olùwádìí ń jiyàn lé lórí. Kò sí iyàn lórí pé ariwo tí ó kọjá ìwọ̀n ń pa sẹ́ẹ̀lì etí. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn ènìyàn ọdún 12 sí 35 tí iye wọn lé ní bílíọ̀nù kan ni ó wà nínú ewu nítorí íyápíìsì àti ibi fàájì tí ariwo pọ̀ sí. Pé wọ́n wà nínú ewu kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti dití. Ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ti ń gba orí koríko náà kọjá lójoojúmọ́.

Bí ọmọ bá ti òde àríyá dé, tí ó ní etí òun ń hó yee, tàbí pé ó dà bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí i, ó sábà máa ń lọ ní ọjọ́ kejì, ẹ̀yin àti òun yóò sì rò pé ó ti tán. Ní 2009, Sharon Kujawa àti Charles Liberman ní ìlú Boston kéde ohun tí wọ́n rí lára eku. Lẹ́yìn ariwo 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí méjì péré, gbígbọ́ àwọn eku náà padà bọ̀ sípò, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wọn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ibi tí iṣan etí ti so mọ́ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ti já, kò sì padà. Bí èyí ti rí lára ènìyàn ṣì wà lábẹ́ ìwádìí. Lójú tiwa, etí tí ó bá ń hó lẹ́yìn orin ti jẹ́rìí fúnra rẹ̀ pé orin náà pọ̀ jù, kò yẹ kí a dúró de ẹlẹ́rìí mìíràn.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍLÉ

Ẹ má ṣe gba íyápíìsì náà kí ẹ sì jù ú nù. Ọmọ tí a bá gba tirẹ̀ yóò yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò níbi tí ẹ kò sí, ìdọ̀tí àti àrùn etí ẹlòmíràn yóò sì bá a bọ̀. Ohun tí ó sàn jù ni kí ẹ pe ọmọ jókòó, kí ẹ sì jọ dán an wò. Kí ó fi í sétí, kí ó yí ohùn rẹ̀ sí ibi tí ó máa ń gbọ́ ọ. Kí ẹ dúró ní ìwọ̀n ibi tí apá yín lè nà dé, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti máa ń sọ̀rọ̀ nílé. Bí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ sọ, tàbí tí òun ń pariwo láti dá yín lóhùn, ó ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń gbọ́ orin rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà, ó pọ̀ jù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí nìkan, nítorí pé íyápíìsì tí ó bá dí ihò etí pa kì í jẹ́ kí orin jáde sí ìta.

Lórí fóònù, kí ohùn náà má ṣe ju nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù ni ó ní ibi tí a ti lè dá ohùn dúró kí ó má baà kọjá ìwọ̀n tí a fẹ́, àwọn mìíràn a sì máa ka iye wákàtí tí ènìyàn fi gbọ́ orin láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibẹ̀, ẹ ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi hàn yín; àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ, inú wọn a sì máa dùn láti kọ́ wa. Lẹ́yìn wákàtí kan, kí ó yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ó yọ ọ́ bí ó bá ń sọdá títì tàbí tí ó wà lórí ọ̀kadà. Kí ó yọ ọ́ kí ó tó sùn. Etí tí ó bá ń ṣọyún kò gbọdọ̀ rí íyápíìsì rárá, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe da òróró, karosíìnì tàbí omi ọmú sínú rẹ̀.

Ó sì yẹ kí àwa àgbà wo ara wa. Ọmọ ọwọ́ tí a gbé lọ sí òde ìnáwó, tí a jókòó tì níwájú sípíkà, kò lè sọ pé ó pọ̀ jù. Bí ó bá sùn lọ nínú ariwo náà, a ó máa yìn ín pé ọmọ dáadáa ni. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ṣe òpin ohùn orin ní ibi fàájì. Àwọn sípíkà òde wa, àti ti ilé ìsìn wa nígbà mìíràn, kì í dúró níbẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sẹ́yìn, jìnnà sí sípíkà. Bí ẹni tí ó ni òde bá bínú, ẹ jẹ́ kí ó bínú.

NÍGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Bí ọmọ bá ń ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ nígbà gbogbo, bí ó bá ń wo ẹnu ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ ju ojú lọ, bí ó bá ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè ju bí ó ti yẹ, tàbí bí etí rẹ̀ bá ń hó tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe pinnu nílé pé íyápíìsì ni. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí ni ó dí i, ó sì lè jẹ́ àrùn inú etí. Méjèèjì ni ó ní ìtọ́jú. Èyí tí ariwo bá ti pa ni kò sí oògùn òyìnbó tàbí àgbo tí ó lè mú un hù padà, ẹni tí ó bá sì ta irú rẹ̀ fún yín kò ṣe ju pé ó gba owó yín lọ. Ẹ̀rọ ìrànwọ́ etí lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, pàápàá bí a bá tètè mọ̀.

Ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò tan iná wo inú ihò etí rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ohun tí ó dí i, wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú bíi UCH ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun wà. Ìdánwò gbígbọ́ kì í dunni, kò sì ní abẹ́rẹ́. Ọmọ yóò jókòó nínú yàrá tí ó dákẹ́, wọn yóò fi hẹ́dífóònù sí i létí, wọn yóò máa rán ìró kéékèèké sínú etí kan lẹ́yìn èkejì, èyí tí ó rinlẹ̀ àti èyí tí ó tín-ín-rín, òun yóò sì máa tẹ bọ́tìnnì tàbí kí ó nawọ́ bí ó bá ti gbọ́ ọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ má jẹ́ kí ó lo íyápíìsì, ẹ má sì jẹ́ kí ó lọ sí ibi ariwo, nítorí pé etí tí ariwo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú rẹ̀ lè mú kí ìdánwò náà burú ju bí etí rẹ̀ ti rí lọ.